Ta Ni Ìbátan Ẹja Mola?

Ẹ ní kí n wá ṣàlàyé bí àwọn onímọ̀ ṣe ń mọ ẹ̀dá tó jẹ́ ìbátan ẹ̀dá mìíràn, kí n sì mú àpẹẹrẹ kan tó ṣe é dì mú. Mo yan ìran ẹja kan tí ojú lásán kò lè kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ẹja méjì síwájú yín. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, wọ́n rí òkú ẹja kan tó léfòó lójú òkun nítòsí erékùṣù Faial, ní Azores tó wà lábẹ́ ìjọba ilẹ̀ Pọtogí. Wọ́n fi ẹ̀rọ gbé e, wọ́n wọ̀n ọ́n, ó sì jẹ́ kìlógíráàmù 2,744. Nínú gbogbo ẹja eléegun tí wọ́n ti wọ̀n rí, kò sí èyí tó wúwo tó o. Mola alexandrini ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ó ga, ó fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ láti ìhà kan sí èkejì. Ẹnu rẹ̀ kéré sí ara rẹ̀, kò sì ní ìrù. Mi ò sọ pé ìrù rẹ̀ kúrú o. Kò ní rárá. Ibi tí ìrù ẹja mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ara tirẹ̀ parí sí.

Èkejì kò jìnnà sí wa. Nínú Odò Ọya àti nínú adágún Kainji, ẹja kan wà tí kò ní ìpẹ́ bí ẹja yòókù, tí ilà gbọọrọ-gbọọrọ wà lára rẹ̀, tó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò gbé omi mì, ikùn rẹ̀ yóò sì wú fùkẹ̀. Bí apẹja bá ti fà á jáde sórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé mì, yóò sì wú náà ni. Irú ẹja bẹ́ẹ̀ ni màá máa pè ní ẹja awúkùn lónìí. Carl Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ló sọ èyí tí mo ń wí yìí ní Tetraodon lineatus ní ọdún 1758, láti ara èyí tí wọ́n rí nínú odò Náílì.

Ìbátan ni ẹja méjèèjì. Inú ìsọ̀rí ńlá kan náà ni wọ́n wà, Tetraodontiformes, ó sì dùn mọ́ mi láti sọ fún yín pé ara ẹja odò Áfíríkà yìí ni orúkọ ìsọ̀rí náà ti wá. Mola ńlá inú agbami òkun àti gbogbo ìdílé rẹ̀, orúkọ ẹja Náílì àti Odò Ọya ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀dá méjì jẹ́ ọmọ babańlá kan náà ti pe ẹjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá. Nínú ọ̀rọ̀ ẹja wọ̀nyí, ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló ti sọ̀rọ̀: eegun ẹja tó wà láàyè, eegun ẹja tó ti di òkúta, àti DNA. Wọn kì í fohùn ṣọ̀kan nígbà gbogbo. Ibi tí ohùn wọn ti yapa ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gan-an wà.

Linnaeus fúnra rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò fi àwọn ẹja wọ̀nyí sí. Ní 1758 ó kà wọ́n mọ́ ẹja. Nígbà tí ẹ̀dà kejìlá ìwé rẹ̀, Systema Naturae, jáde ní 1766, ó ti kó wọn kúrò láàárín ẹja, ó sì ti kó wọn sí ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́, alángbá àti ejò, ní abẹ́ ẹ̀ka kan tó pè ní Amphibia Nantes. Alexander Garden, dókítà kan ní Charleston ní Amẹ́ríkà, ló kọ̀wé sí i pé òun la inú ẹja ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń jẹ́ Diodon, òun sì rí ẹ̀dọ̀fóró níbẹ̀. Kò sí ẹ̀dọ̀fóró nínú Diodon. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tí kò tọ́, láti ẹnu ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, ló gbé odindi ìran kan kúrò ní ipò rẹ̀ nínú ìwé tí gbogbo ayé ń tẹ̀lé.

Georges Cuvier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, Le Règne Animal, tó jáde ní 1817, ó kó ẹja awúkùn, Diodon, Mola, ẹja tí ara rẹ̀ dà bí àpótí, àti Balistes pọ̀ sójú kan, ó pè wọ́n ní Plectognathes. Bí wọ́n ṣe rí lóde kọ́ ló wò. Eegun àgbọ̀n òkè ló wò. Nínú ọ̀pọ̀ ẹja tí ẹ mọ̀, àgbọ̀n òkè máa ń yọ síwájú nígbà tí ẹja bá fẹ́ fa oúnjẹ mì. Nínú àwọn tí Cuvier kó jọ, eegun tó para pọ̀ di àgbọ̀n òkè ti so mọ́ra wọn pinpin, kò lè yọ síwájú mọ́, ẹnu sì ti di ohun èlò ìgé àti ìfọ́. Àwọn ni wọ́n ń fọ́ ìkarahun, tí wọ́n ń gé akàn sí méjì. Ó ti ju igba ọdún lọ tí Cuvier ti ṣe ìsọ̀rí yìí, ó sì wà títí di òní bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ti yí padà.

Eyín wọn náà ń sọ̀rọ̀. Nínú ẹja awúkùn, eyín ti dà pọ̀ di àgógó bíi ti ẹyẹ, tí ojú ìlà kan pín in lágbedeméjì lókè àti nísàlẹ̀, èyí tó mú kó jẹ́ eyín mẹ́rin. Nínú Diodon àti Mola, kò sí ìlà tó pín in: ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ẹja kan tún wà tí ń gbé inú omi jíjìn ní òkun Íńdíà àti ìwọ̀ oòrùn Pàsífíìkì, Triodon macropterus, tí eyín rẹ̀ jẹ́ méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ló ṣẹ́kù nínú ìdílé tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá lè ka oókan dé ẹẹ́rin lè fi èyí bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdílé tí ẹja alágógó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá.

Ìdílé mẹ́wàá ni àwọn onímọ̀ kà láàárín àwọn tó wà láàyè, irú ẹja inú wọn sì ju 400 lọ. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ fún yín. Àwọn kan, bíi Triacanthodidae, ṣì ní ìpẹ́ àti ẹ̀gún líle lẹ́yìn àti nísàlẹ̀ ikùn, wọ́n sì jọ ẹja tí ojú wa mọ̀. Balistes ní ẹ̀gún kan lẹ́yìn tó lè nà dúró ṣánṣán. Ẹ̀gún kékeré tó tẹ̀ lé e ni yóò tì í pa, tí ọwọ́ kankan kò ní lè tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ àfi bí a bá kọ́kọ́ tẹ kékeré náà. Ẹja alápòótí ti so ìpẹ́ rẹ̀ pọ̀ di pákó líle tó bo gbogbo ara, tó fi jẹ́ pé ojú, ẹnu, lẹbẹ àti ìrù nìkan ló ráyè mì. Láàárín àwọn alápòótí pàápàá, àwọn kan wà tí àpótí wọn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, àwọn kan sì wà tí tiwọn pa dé. Ìdílé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Bí ẹ bá to gbogbo wọn ní ìlà, láti orí àwọn tó jọ ẹja mìíràn dé orí Mola, ohun tí ẹ óò rí ni pé wọ́n ń pàdánù nǹkan. Lẹbẹ ìsàlẹ̀ ikùn kọ́kọ́ di ẹ̀gún lásán, lẹ́yìn náà ó lọ pátápátá. Ìpẹ́ di ẹ̀gún tàbí pákó. Ẹ̀gún ẹ̀yìn tán. Eegun ìhà tán. Egungun ọ̀pá ẹ̀yìn ń dín kù ní iye títí tó fi kù nǹkan bí 16 nínú Mola, ẹja tó lè ju tọ́ọ̀nù méjì lọ! Àwọn kan máa ń rò pé ìyípadà ẹ̀dá láti ìran dé ìran túmọ̀ sí pé kí nǹkan máa pọ̀ sí i lára. Ìran yìí ta ko èrò náà gbangba.

Wíwú ẹja awúkùn gan-an, ìpàdánù ló ṣílẹ̀kùn fún un. Bí eegun ìhà bá wà, ikùn kò lè fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àpòlúkù rẹ̀, níbi tí omi náà ń lọ, ti fi iṣẹ́ dídà oúnjẹ sílẹ̀. Ní 1997, Peter Wainwright àti Ralph Turingan gbé àlàyé kan jáde nípa bí ìwà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, àlàyé tí mo gbà pé ó lágbára. Ọ̀pọ̀ ẹja ló máa ń húkọ́ láti tu ohun tí kò dára jáde lẹ́nu. Balistes àti àwọn ìbátan rẹ̀ ti sọ ikọ́ yìí di fífẹ́ omi: wọ́n ń fẹ́ omi sí iyanrìn kí oúnjẹ tó sá pa mọ́ lè yọ jáde. Ẹja awúkùn lo iṣan ẹnu kan náà, àmọ́ dípò kó fẹ́ omi síta, ó ń tì í wọ inú àpòlúkù. Ìwà mẹ́ta, iṣan kan náà, ó sì ṣeé tọpa láti ìdílé kan dé èkejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Mola tí kò nírùú. Nǹkan kan wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó nípọn, tó rí bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́, òun ló sì fi ń darí ara rẹ̀. Clavus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Kí ni nǹkan yìí? Àwọn kan ní ìrù tó súnkì ni. Àwọn kan ní ìrù ti lọ, nǹkan mìíràn ló gba ipò rẹ̀. Ó pẹ́ tí àríyànjiyàn yìí fi wà nílẹ̀, nítorí pé ẹja tó ti dàgbà kò lè yanjú rẹ̀; eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yí padà kọjá ohun tí a lè tọpa. Ní 2005, G. David Johnson àti Ralf Britz yà kúrò lọ́dọ̀ àgbà, wọ́n lọ bá ọmọ. Wọ́n kó ọmọ Ranzania, èyí tó kéré jù nínú ìdílé Mola, ní oríṣiríṣi ọjọ́ orí, wọ́n sì wo bí eegun kọ̀ọ̀kan ṣe ń yọ. Ohun tí wọ́n rí ni pé lẹbẹ ẹ̀yìn ń gùn bọ̀ láti òkè, lẹbẹ ìsàlẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti ikùn, ń gùn bọ̀ láti ìsàlẹ̀, títí tí àwọn méjèèjì fi pàdé níbi tó yẹ kí ìrù wà. Ìrù fúnra rẹ̀ kò wá rárá. Clavus jẹ́ lẹbẹ ẹ̀yìn àti lẹbẹ ìsàlẹ̀ tó dà pọ̀. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ tó mọ́ jù lọ nínú gbogbo ìmọ̀ ẹja: ìbéèrè tó ti di ọ̀rọ̀ àgbọ́tì, àwọn méjì fi sùúrù àti ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ dáhùn rẹ̀.

Ọmọ Mola náà jẹ́rìí lọ́nà mìíràn. Johannes Schmidt, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ṣírò ní 1921 pé ẹyin tó wà nínú abo Mola kan tó mílíọ̀nù 300. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin bẹ́ẹ̀ kò ju mílímítà díẹ̀ lọ, ẹ̀gún sì yí i ká. Bí ẹ bá fi í lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́, yóò ní ọmọ ẹja awúkùn ni. Láti ibẹ̀ ló ti ń dàgbà di òkè ẹran. Ọ̀kan tí wọ́n tọ́jú nínú adágún gíláàsì ní Monterey, ní Kalifọ́níà, fi kìlógíráàmù 373 kún ara rẹ̀ láàárín oṣù 15.

Ẹlẹ́rìí kejì ni òkúta. Bolca jẹ́ abúlé kan lórí òkè nítòsí ìlú Verona, ní Ítálì. Ní nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ọdún sẹ́yìn, òkun gbígbóná tí kò jìn ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì bo ẹja mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sùúrù tó fi jẹ́ pé ẹ lè ka egungun wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lónìí. Ọ̀rúndún bíi mélòó kan ni wọ́n ti ń wa òkúta yìí. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon dé Verona, wọ́n kó àkójọ ẹja òkúta tí Giovanni Battista Gazola ní, wọ́n gbé e lọ sí Páríìsì ní 1797. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé wá fi í ṣe iṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó mọ ìtumọ̀ àwọn òkúta wọ̀nyí jù fún ìran tí à ń wí ni James C. Tyler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Smithsonian. Ní 1980 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí egungun gbogbo ìdílé wọn, ìwé tí kò sí ẹni tó lè fò ó dá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣáájú ìyẹn, ní 1973, ó ṣàpèjúwe ẹja kékeré kan láti Bolca tó sọ ní Eoplectus. Ẹja náà ní ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ẹ̀gún ìsàlẹ̀ ikùn bíi ti Triacanthodidae, èyí tí ẹja awúkùn ti pàdánù. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ jẹ́ àgógó bíi ti ẹja awúkùn. Méjèèjì lára ẹja kan ṣoṣo! Kò sí ẹja tó wà láàyè lónìí tó rí bẹ́ẹ̀. Ká ní àwọn tó wà láàyè nìkan la ní, à bá máa jiyàn bóyá àgógó ló kọ́kọ́ dé ni, tàbí ẹ̀gún ló kọ́kọ́ lọ. Eoplectus fi hàn pé àgógó dé nígbà tí ẹ̀gún ṣì wà níbẹ̀. Ní 2016, wọ́n tún ṣàpèjúwe òmíràn láti inú amọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ctenoplectus, tí òun náà pa àmì ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ sára kan. Ní àsìkò yẹn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Eocene, ìran náà ṣì ń dán oríṣiríṣi ara wò.

Bolca kan náà ló fún wa ní ẹja alápòótí tó ní ìwo gígùn, àti àwọn ìbátan Diodon. Òkúta Dẹ́ńmáàkì mú Moclaybalistes wá, ìbátan Balistes láti nǹkan bí mílíọ̀nù 55 ọdún sẹ́yìn. Ti ìdílé Mola ṣọ̀wọ́n ju gbogbo rẹ̀ lọ, nítorí egungun wọn rọ̀, kò sì rọrùn fún un láti di òkúta. Síbẹ̀, Tyler àti Alexandre Bannikov ṣàpèjúwe Eomola ní 1992, láti orí òkè Caucasus ní Rọ́ṣíà; ọjọ́ orí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 34 ọdún lọ. Ní 2009 ni Austromola tún jáde láti ilẹ̀ Ọ́sríà, tó ti tó mílíọ̀nù 22 ọdún, tí gígùn rẹ̀ sì lé ní mítà 3. Ìyẹn ni pé ìdílé yìí ti ń di òmìrán tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dé ayé.

Wàyí o, ibi tí ẹjọ́ ti le. Ní 1979, Lorenzo Sorbini láti Verona ṣàpèjúwe ẹja kékeré kan tí òkúta Lẹ́bánónì pa mọ́, Plectocretacicus, tó ti tó mílíọ̀nù 95 ọdún. Ní 1996, òun àti Tyler kó o pọ̀ mọ́ méjì mìíràn láti ìgbà àwọn dáínọ́sọ̀, wọ́n ní àwọn ni ẹ̀ka tó dàgbà jù nínú ìran ẹja awúkùn. Bí èyí bá jóòótọ́, ìran náà ti wà fún ogójì mílíọ̀nù ọdún kí Moclaybalistes tó dé. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní pákó ara àti ẹ̀gún nìkan kò tó láti fi pe ẹja kan ní ìbátan, nígbà tí ẹnu tí Cuvier fi kó wọn jọ kò hàn kedere nínú òkúta náà. Mo wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣiyèméjì. Pákó ara ti yọ lára oríṣiríṣi ẹja tí kò bára wọn tan. Àgbọ̀n tó so mọ́ra wọn kì í ṣàdédé yọ. Ọ̀rọ̀ yìí kan ohun tó ju orúkọ lọ, nítorí òkúta tó bá dàgbà jù ni wọ́n máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí wọ́n bá ń fi DNA ṣírò ọjọ́ orí ìran. Òṣùwọ̀n tí kò péye yóò sọ gbogbo ìṣirò di aláìpéye.

Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ni Dahiana Arcila àti Tyler fi gbé ìwé wọn jáde ní 2017, níbi tí wọ́n ti ní ooru àjèjì tó mú ayé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn pa ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìran yìí run. Ó ṣeé gbà. Ṣùgbọ́n kó tó di òtítọ́ tó dúró ṣinṣin, a nílò òkúta púpọ̀ sí i láti àsìkò Paleocene, èyí tó ṣáájú ooru náà, àsìkò náà gan-an ni òkúta ìran yìí sì ṣọ̀wọ́n nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Mo ń bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni DNA. Sydney Brenner, ọmọ Germiston ní Gúúsù Áfíríkà, ló rí i pé ẹja awúkùn ilẹ̀ Jàpáánì tí wọ́n ń pè ní fugu ní iye jíìnì tó súnmọ́ tènìyàn, ṣùgbọ́n gbogbo DNA rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́jọ ti ènìyàn lọ. Ó sọ èyí ní 1993. Ní 2002 wọ́n ka DNA fugu tán. Ní 2004 wọ́n ka ti ìbátan rẹ̀ kan, Tetraodon nigroviridis. Ní 2016 wọ́n ka ti Mola mola. Ìran tí Linnaeus kò mọ ibi tí yóò fi sí ti di èyí tí ilé ìwádìí káàkiri ayé mọ̀ dáadáa.

DNA fọwọ́ sí ọ̀pọ̀ ohun tí eegun ti sọ. Ẹja awúkùn àti Diodon jẹ́ ọmọ ìyá. Balistes àti ẹja mìíràn tó ń jẹ́ Monacanthus jẹ́ ọmọ ìyá. Alápòótí méjèèjì jẹ́ ọmọ ìyá. Ó tún sọ ohun kan tí ó kàn wá: ẹja awúkùn inú odò Áfíríkà, ti Amazon, àti ti ìlà oòrùn gúúsù Éṣíà kò jọ kúrò nínú òkun pọ̀. Ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wọ omi odò, ìran kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀.

Lórí Mola, eegun àti DNA ò gbọ́ra wọn yé. Eegun sọ pé Mola jókòó ti ẹja awúkùn àti Diodon. Èyí ni Francesco Santini àti Tyler fi lélẹ̀ ní 2003, lẹ́yìn tí wọ́n gbé àmì ara tó lé ní 200 yẹ̀ wò lára ẹja alààyè àti ẹja òkúta. DNA kò fi Mola jókòó síbẹ̀ nígbà gbogbo. Láti ìwádìí kan sí èkejì, ipò Mola àti ti Triodon máa ń yí padà. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí Mola kò bá jẹ́ ọmọ ìyá àwọn alágógó yòókù, a jẹ́ pé àgógó yọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí kí àwọn kan ti ní in rí kí wọ́n sì pàdánù rẹ̀. Ó jọ pé àwọn ìdílé náà pínyà láàárín àkókò kúkúrú débi pé DNA kò rí àyè kọ ìtàn ìpínyà náà sílẹ̀ dáadáa.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa ẹni tó jẹ́ ìbátan gbogbo ìran náà lóde. Ní 1974, Richard Winterbottom wo iṣan ara wọn, ó ní ẹja Acanthurus ló súnmọ́ wọn. Ní 1984, Donn Rosen ta kò ó, ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹja mìíràn tó ń jẹ́ Zeus. DNA dé, kò gbè sẹ́yìn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì: ó tọ́ka sí Lophius, ẹja ẹlẹ́nu gbàǹgbà tó ń fi ìwọ̀ orí rẹ̀ dẹ ẹja mìíràn. Ẹni tí kò rí i rí kò lè ronú kàn án.

Ní tèmi, ìdájọ́ lórí Mola kò tíì pé, mi ò sì ní fara mọ́ ẹni tó bá ní kí á fi DNA nìkan parí rẹ̀. Eoplectus kò ní DNA mọ́. Síbẹ̀ òkúta bíi tirẹ̀ nìkan ló lè sọ fún wa bí àgógó ṣe bẹ̀rẹ̀. Òkúta tuntun kan láti ibi tó tọ́ lè yí gbogbo rẹ̀ padà ju ẹgbẹ̀rún ìṣirò lọ.

Kí n tó sọ̀rọ̀ lórí ibi tó tọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ óò fọwọ́ kan ẹja wọ̀nyí. Májèlé tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti ilé ẹyin ọ̀pọ̀ ẹja awúkùn ni Tahara Yoshizumi, ọmọ Jàpáánì, sọ ní tetrodotoxin ní 1909. Iná kò pa á. Kò sí oògùn tó ń ṣẹ́ ẹ. Ó ń dí iṣan lọ́wọ́ láti ránṣẹ́, tí èèyàn kò fi ní lè mí mọ́. Ẹja náà kò kú nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí májèlé náà ń dì mú lára iṣan rẹ̀ ti yí padà. Ní 1774, James Cook àti àwọn méjì tó wà pẹ̀lú rẹ̀ tọ́ díẹ̀ wò nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní New Caledonia, díẹ̀ ló sì kù kí wọ́n kú. Ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré.

Ìran yìí pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Nínú òkun Gínì, ẹja awúkùn onípẹ́ẹ́gún, Ephippion guttifer, wà níbẹ̀. Ẹja alápòótí, Acanthostracion guineensis, wà níbẹ̀. Ní etí òkun Gánà, Balistes capriscus pọ̀ lójijì láàárín ọdún 1970 sí 1989 débi pé òun ni àwọ̀n ń kó jù, lẹ́yìn náà ó dín kù bíríbírí. Nínú odò Cross River, Tetraodon pustulatus tí Andrew Murray sọ lórúkọ ní 1857 ń gbé níbẹ̀.

Ibi tó tọ́ tí mo wí ńkọ́? Òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò àti Ṣagámù fún sìmẹ́ńtì, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, inú òkun àsìkò Paleocene ló ti wá. Àsìkò yẹn gan-an ni àlàfo wà nínú ìtàn ẹja awúkùn. Ní Ameki, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ábíà báyìí, Errol White ti ṣàpèjúwe ẹja òkúta láti àsìkò Eocene láti 1926, ìwé rẹ̀ sì wà. Nítorí náà mo ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ tó wà ní Ògùn: ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ibi ìwakùúta, ẹ mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí ẹ sì kọ́ wọn láti dá eyín ẹja mọ̀ yàtọ̀ sí ìkarahun. Àgógó tó nípọn, tó ní ìlà lágbedeméjì tàbí tí kò ní, ni kí ojú wọn máa wá. Bí ẹ bá rí i, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má fọ́ òkúta tó yí i ká. Ẹ kọ ọjọ́, ibi àti ìpele òkúta tí ẹ ti rí i mọ́ ọn lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ ilẹ̀ ní yunifásítì tó súnmọ́ yín jù.